Obìnrin Ní Ipò Alákòóso Báńkì Àdúgbò

Ní ọjọ́ ọjà ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìdó, ẹnikẹ́ni tí ó bá fara balẹ̀ wòye yóò rí i pé ọwọ́ àwọn obìnrin ni owó ń gbà kọjá jù lọ. Àwọn ni wọ́n ń ra iṣu àti gbágùúdá lọ́wọ́ àgbẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń yan gàrí, tí wọ́n ń fún epo, tí wọ́n sì ń kó ẹrù lọ sí Adó. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, obìnrin ọlọ́jà yóò tú etí ìró rẹ̀, yóò ka owó ọjọ́ náà, yóò sì yọ ti alájọ sọ́tọ̀.

Ìbéèrè tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: nígbà tí owó náà bá kúrò ní etí ìró tí ó sì dé inú báńkì, kí ni ó lè mú kí obìnrin jẹ́ alákòóso rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú? Báwo ni ọmọbìnrin tí ó jáde ilé-ìwé ní àgbègbè àríwá Èkìtì ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kí ó gòkè dé ipò náà, kí owó àwọn ènìyàn má sì ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀?

ÈSÚSÚ, ÀJỌ ÀTI ALÁJẸṢẸ́KÙ

Kí báńkì tó dé ni Yorùbá ti mọ bí a ti í fi owó pamọ́. Àlùfáà Samuel Johnson ṣe àlàyé èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, sì kọ̀wé lé e lórí ní 1952. Nínú èsúsú, àwọn tí wọ́n mọ ara wọn yóò máa dá iye kan náà ní àkókò kan náà, ẹnì kan yóò sì máa kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi kárí. Bí ènìyàn 10 bá ń dá ₦2,000 lọ́sẹ̀, ẹni tí ó kàn yóò kó ₦20,000. Kò sí èlé níbẹ̀, kò sì sí ìwé àdéhùn. Ìtìjú ni onídùúró.

Àjọ yàtọ̀ díẹ̀. Alájọ a máa yí ìsọ̀ ká lójoojúmọ́, a sì máa sàmì sí káàdì olúkúlùkù. Ní ìparí oṣù, yóò dá owó padà fún oníkálukú, yóò sì mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ẹ̀kẹta. Ní 1934 ni C. F. Strickland jábọ̀ ìwádìí rẹ̀ fún ìjọba. Ní 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ti ń pa owó pọ̀, tí wọ́n ń yá ara wọn, tí wọ́n sì ń ṣe ìpàdé lórí ìwé ìṣirò wọn.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ètò mẹ́ta yìí ni ó ní ohun tí ó ń kọ́ni. Èsúsú ń kọ́ni ní ìfọkàntán. Àjọ ń kọ́ni pé owó kékeré tí a kó jọ lójoojúmọ́ kì í ṣe ohun ìfojú-tẹ́ńbẹ́lú. Alájẹṣẹ́kù ń kọ́ni pé owó ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ìwé, ìpàdé àti ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àìpé tiwọn. Owó èsúsú kì í bí èlé. Bí alájọ bá sá lọ, ó lè gbé owó ìsọ̀ ọgọ́rùn-ún lọ. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò bá sì pọ̀, owó wọn lè máà tó yá ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlọ̀gbágùúdá. Àìpé wọ̀nyí ni báńkì àdúgbò wá láti dí.

BÍ BÁŃKÌ ÀDÚGBÒ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní 1990 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ètò báńkì àdúgbò kalẹ̀. Àkọ́kọ́ nínú wọn ṣílẹ̀kùn ní Tudun Wada ní ìlú Kàdúná, ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Èrò rẹ̀ ni pé kí àwọn ará ìlú fúnra wọn ra ìpín nínú báńkì náà, kí wọ́n yan àwọn olùdarí rẹ̀, kí ó sì máa yá àgbẹ̀ àti oníṣòwò kékeré tí báńkì ńlá kò kà sí.

Ní oṣù Kejìlá 2005, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà titun jáde. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo báńkì àdúgbò di báńkì máíkírófáínáǹsì kí ọdún 2007 tó parí, kí olúkúlùkù wọn sì ní owó ìpìlẹ̀ tí kò dín ní ₦20 mílíọ̀nù. Nígbà tí ó yá, a tún gbé iye náà sókè: ₦50 mílíọ̀nù fún báńkì kékeré tí ó wà ní ìgbèríko, àti ₦200 mílíọ̀nù fún irú rẹ̀ tí ó wà ní ìlú ńlá.

Púpọ̀ nínú àwọn báńkì wọ̀nyí ni kò là á já. Ní oṣù Kẹsàn-án 2010, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì máíkírófáínáǹsì 224. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ó tún gbà á lọ́wọ́ 132. Kí a má ṣe ka iye wọ̀nyí bí ẹni tí ń ka èèpẹ̀. Báńkì tí ó kú kì í dá kú. Owó ilé-ìwé ọmọ wà nínú rẹ̀, owó irúgbìn wà nínú rẹ̀, owó tí opó kan ń pa mọ́ láti fi kan òrùlé wà nínú rẹ̀. Lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ NDIC, tí ń dáàbò bo owó ìpamọ́, fi ààbò kún un ní 2024: ohun tí ó lè san fún ẹni tí báńkì máíkírófáínáǹsì rẹ̀ bá kú gòkè láti ₦200,000 sí ₦2,000,000. Ṣùgbọ́n àkókò òjò kì í dúró de àgbẹ̀ tí ń retí owó.

Nítorí náà, ẹni tí yóò jókòó lórí àga alákòóso báńkì àdúgbò, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin, ohun tí a gbé lé e lọ́wọ́ ju oyè lọ.

OBÌNRIN TÍ Ó FI ṢÍLÈ MẸ́WÀÁ BẸ̀RẸ̀

Ní Peki-Dzake, ní ilẹ̀ Ghana, ni a bí Esther Afua Nkulenu ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 1919. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń mọ ìkòkò, ó sì ń ro oko. Òbí rẹ̀ kò ní owó, ṣùgbọ́n ó rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ gbà lọ sí ilé-ìwé Achimota. Nígbà tí ó jáde, àbúrò òbí rẹ̀ kan fún un ní ṣílè mẹ́wàá. Ó fi ra ọsàn, ṣúgà àti ìgò, ó se jáàmù ọsàn, ó sì kiri rẹ̀ ní ìgboro. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé akọ̀wé ń kiri ọjà bí ẹni tí kò lọ ilé-ìwé. Kò dá wọn lóhùn. Kò pẹ́ tí ilé-ìwé Achimota fi ní kí ó máa tà fún àwọn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ ogun náà ní kí ó máa pèsè omi ọsàn fún wọn. Báyìí ni ilé-iṣẹ́ Nkulenu ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1942.

Láti 1949 sí 1951, ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń kọ́ bí a ti í tọ́jú oúnjẹ kí ó má bàjẹ́. Nígbà tí ó padà, ó ń kọ́ àwọn obìnrin mìíràn ní ohun tí ó mọ̀. Láti 1959 sí 1961, òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ ní Ghana, láàárín àwọn ọkùnrin tí ó pọ̀ jù ú lọ.

Nínú iṣẹ́ yìí ni ó ti rí ohun kan kedere: àwọn obìnrin ọlọ́jà mọ iṣẹ́, wọ́n sì ń san gbèsè, ṣùgbọ́n báńkì kò fẹ́ yá wọn, nítorí wọn kò ní ilẹ̀ tàbí ilé tí wọn yóò fi dúró. Ní 1975, nígbà tí àwọn obìnrin gbogbo àgbáyé péjọ ní ìlú Mexico lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó wà níbẹ̀. Láti inú ìpàdé náà ni èrò ti jáde pé kí a dá ètò kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣe onídùúró fún obìnrin tí ń wá owó ìṣòwò. Ní 1979 ni Women's World Banking fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ocloo (orúkọ tí ó ń jẹ́ láti ìgbà tí ó ti lọ́kọ) ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì wà ní ipò náà títí di 1985. Ní 1990, òun àti Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Africa Prize tí a ń fún àwọn tí ń gbógun ti ebi. Ó di olóògbé ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì 2002.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú ìtàn yìí. Èkíní, ó mọ ọjà kí ó tó mọ báńkì. Èkejì, ó padà lọ kọ́ iṣẹ́ nígbà tí ó ti ní orúkọ tán. Ẹ̀kẹta, ó fa àwọn mìíràn gòkè.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà ní ilẹ̀ Íńdíà pẹ̀lú. Ní 1974, ní ìlú Ahmedabad, àwọn obìnrin 4,000 tí ń ṣe iṣẹ́ kékeré dá rúpì mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n sì fi dá báńkì tiwọn sílẹ̀, tí a ń pè ní báńkì SEWA. Ela Bhatt ni ó ṣáájú wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò lè kọ orúkọ ara wọn. Nítorí náà, a lẹ àwòrán olúkúlùkù mọ́ ìwé owó rẹ̀ kí a lè dá a mọ̀. Àìmọ̀wé kò dí wọn lọ́nà, nítorí ẹni tí ó ṣètò báńkì náà mọ irú ènìyàn tí yóò wá síbẹ̀.

Ní Nàìjíríà níhìn-ín, Olóyè Bọ́lá Kúforíjì-Olúbí di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ alága báńkì UBA ní 1984. Ní 2014, Sarah Alade di gómìnà Báńkì Àpapọ̀ mú fún oṣù díẹ̀. Ní 2020, Ireti Samuel-Ogbu gba ìṣàkóso Citibank Nàìjíríà. Ní 2021, Nneka Onyeali-Ikpe gba ti Fidelity Bank, Miriam Olusanya sì gba ti GTBank. Ọ̀nà ti là. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò tọ̀ ọ́ láti àríwá Èkìtì.

ÀTẸ̀GÙN IṢẸ́ NÁÀ

Àkàsọ̀ kìíní ni ẹ̀kọ́. Ọmọbìnrin tí ó bá fẹ́ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nílé-ìwé girama. Lẹ́yìn èyí, ó lè kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó, ètò ọrọ̀ ajé tàbí iṣẹ́ báńkì. Kò dandan kí ó lọ jìnnà: Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011, ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Ìkọ̀lé, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì sì wà ní Adó.

Àkàsọ̀ kejì ni ìdí káńtà, níbi tí a ti ń gba owó tí a sì ń san án. Iṣẹ́ yìí dàbí kékeré, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá ọwọ́ ènìyàn mọ́. Ẹni tí ìṣirò rẹ̀ bá pé ní ìrọ̀lẹ́ fún ọdún méjì láìsí àbùkù ti ní ohun tí owó kò lè rà.

Àkàsọ̀ kẹta ni iṣẹ́ ìta: kí a máa lọ sí ọjà àti oko láti mọ ẹni tí ó fẹ́ yá owó, láti wo ìsọ̀ rẹ̀, láti gba èyí tí ó yá padà. Níbí ni ọmọbìnrin tí ó ti bá ìyá rẹ̀ ta ọjà ti ní àǹfààní. Ó mọ ìgbà tí gàrí ń wọ́n àti ìgbà tí ó ń pọ̀. Ó mọ̀ pé a kì í ní kí àgbẹ̀ oníṣu san gbèsè ní oṣù tí iṣu ṣì wà nínú ebè.

Àkàsọ̀ kẹrin ni ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ báńkì tí a ń pè ní CIBN ní ìdánwò tirẹ̀. Báńkì Àpapọ̀ pẹ̀lú sì ti gbé ètò ìwé-ẹ̀rí kalẹ̀ fún àwọn tí yóò máa ṣe àkóso báńkì máíkírófáínáǹsì. Ẹni tí kò bá ṣe é, ó lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ipò gíga yóò ṣòro fún un láti ṣí. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ìdánwò kan lọ́dún kan ń kó jọ.

Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ọmọ bíbí àti iṣẹ́ ilé máa ń dá dúró ní àkàsọ̀ kẹta. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ọkọ tí ó bá gbà láti bójú tó ọmọ ní ọjọ́ ìdánwò, àti ìyá àgbà tí ó bá gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n jẹ́ alábàápín nínú iṣẹ́ náà. Ní 2012, ìgbìmọ̀ àwọn olórí báńkì ní Nàìjíríà fi í ṣe àfojúsùn pé kí obìnrin tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn ọ̀gá, kí wọ́n sì tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìgbìmọ̀ olùdarí. Àfojúsùn yìí dára. Ṣùgbọ́n nínú ilé ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀.

ÌṢIRÒ TÍ ALÁKÒÓSO KÒ GBỌDỌ̀ GBÀGBÉ

Kí a ṣe àpẹẹrẹ kan. Ká ní báńkì kan yá ènìyàn 100 ní ₦50,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦5,000,000. Ká ní lẹ́yìn owó oṣù, owó ilé àti gbogbo ìnáwó, èrè tí ó kù fún báńkì lórí gbèsè kan tí a san tán jẹ́ ₦2,500.

Bí ẹnì kan bá kọ̀ tí kò san, ₦50,000 ni ó lọ. Kí báńkì tó rí iye yìí padà, ó gbọ́dọ̀ rí èrè lórí ogún gbèsè mìíràn tí a san pé. Bí ènìyàn 10 bá kọ̀, ₦500,000 ti lọ. Èrè àwọn 90 tí wọ́n san kò ju ₦225,000 lọ. Ó ku ₦275,000 tí báńkì gbọ́dọ̀ wá. Níbo ni yóò ti wá a? Nínú owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni. Bí ìyẹn bá sì tán, ó di owó àwọn tí wọ́n wá fi owó pamọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi wí pé ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbàafà mìíràn. Kì í ṣe ọ̀nà tirẹ̀ nìkan ni ó dí. Ó dí ti aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú.

NÍGBÀ TÍ BÀBÁ BÁ WÁ YÁ OWÓ

Ní ìlú kékeré, alákòóso báńkì kì í ṣe àjèjì. Ọmọ ẹnì kan ni, ìyàwó ẹnì kan ni. Ká ní ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wọlé. Yóò dìde, yóò kúnlẹ̀ kí i, yóò fún un ní àga. Bàbá jókòó tán, ó ní òun fẹ́ yá ₦300,000. Bẹ́ẹ̀ ni kò tíì san èyí tí ó yá ní èṣín. Kí ni ó yẹ kí ọmọbìnrin yìí ṣe?

Bí ó bá yá a, òwò á bàjẹ́. Bí ó bá fi ìwọ̀sí kọ̀, ilé á dàrú, wọn yóò sì wí pé àga ti gùn ún lórí. Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì, kí ó sì tó gba ipò ni ó ti gbọ́dọ̀ là á. Kí ó rí i pé ìgbìmọ̀ ni ó ń pinnu ẹni tí a ó yá, kì í ṣe òun nìkan. Kí ó kọ òfin sára ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn lè rí i: ẹni tí kò bá san ti àtijọ́ kò lè yá titun. Nígbà tí ọ̀ràn ẹbí rẹ̀ bá sì dé iwájú ìgbìmọ̀, kí ó sọ ọ́ gbangba pé ẹbí òun ni, kí ó sì jáde síta títí wọn yóò fi pinnu.

Lẹ́yìn èyí, ó lè sọ̀rọ̀ bí ọmọ: “Bàbá, ẹ má bínú. Ọmọ yín ni mí, n kò sì lè gbàgbé ohun tí ẹ ṣe fún mi. Ṣùgbọ́n owó yìí kì í ṣe tèmi. Ti ìyá ẹlẹ́pa tí ẹ kọjá lẹ́nu ọ̀nà wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jókòó ṣe ètò bí ẹ ó ṣe máa san ti èṣín díẹ̀díẹ̀; bí ó bá tán, èmi fúnra mi ni n ó bá yín kọ ìwé titun.”

Bóyá bàbá yóò bínú lọ sílé. Ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́pa yóò gbọ́, nítorí kò sí ohun tí ó pamọ́ ní ìlú kékeré. Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e, yóò mú owó tí ó wà lábẹ́ ẹní rẹ̀ wá sí báńkì. Irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀ ni báńkì àdúgbò ń jẹ láti yè.

IṢẸ́ TI ÀWỌN ARÁ ÌLÚ

Alákòóso kò lè dá a ṣe. Kí ẹni tí ó bá ní ìpín nínú báńkì máa lọ sí ìpàdé ọdọọdún, kí ó sì béèrè ìròyìn ẹni tí ó yẹ ìwé owó wò. Kí ẹni tí ó bá fi owó pamọ́ máa gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí ó sì kà á, tàbí kí ó mú ọmọ ilé-ìwé kà á fún un. Kí àwọn ọba àti ìjòyè má ṣe rán ènìyàn sí ọ̀gá báńkì pé kí ó ṣe ojúsàájú. Kí ìyálọ́jà sì mú ọmọbìnrin tí ó mọ ìṣirò lọ bá ọ̀gá báńkì, kí ó ní, “Ẹ wo èyí fún wa.”

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ YÀRÁ ÌKÀWÉ

1. Kí ni èsúsú ní tí báńkì kò ní? Kí ni báńkì ní tí èsúsú kò ní?

2. Kí ni ó mú kí àwọn ẹlẹgbẹ́ Esther Ocloo fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Ǹjẹ́ irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọbìnrin wa?

3. Bí báńkì kan bá yá ènìyàn 60 ní ₦40,000, tí èrè lórí gbèsè kan jẹ́ ₦2,000, tí ènìyàn 5 kò sì san, èló ni báńkì pàdánù lẹ́yìn tí a bá ka èrè rẹ̀?

4. Bí ìwọ bá jẹ́ bàbá inú àpẹẹrẹ òkè yìí, kí ni ìwọ yóò wí nígbà tí o bá délé?

Ìdáhùn ìbéèrè kẹta: ₦200,000 ni kò padà, èrè lórí gbèsè 55 jẹ́ ₦110,000, àdánù báńkì jẹ́ ₦90,000. Ẹni tí ó bá rí ìdáhùn yìí láìwo ìparí ìwé, ì báà jẹ́ ọmọbìnrin tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá, kí olùkọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.